Ẹ Ka Ara Táyà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lórí táyà pikọ́ọ̀pù, jíìpù àti ọkọ̀ asáré. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ táyà, ẹni tí kì í ṣe fọkanáísà. Inú ìwé owó ni ọ̀rọ̀ náà ti bá wa.

Nígbà kan tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, ẹgbẹ́ tí púpọ̀ nínú ọmọ rẹ̀ ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, a rí ìlà kan nínú ìwé ìnáwó wọn: “Táyà pikọ́ọ̀pù, mẹ́rin.” Owó tó wà níwájú rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí ìpàdé fọwọ́ sí. Inú wa dùn. A kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wa pé ìgbìmọ̀ náà mọ owó ẹgbẹ́ ṣọ́. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èyí tí ọ̀kan nínú táyà ẹ̀yìn fi bẹ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìtoìkín. Ọkọ̀ náà yí sí kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, apá awakọ̀ kán, ẹja àti yìnyín sì dà sínú koríko. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀yáwó obìnrin mẹ́ta ló wà nínú ẹja náà, àwọn onídùúró wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án lóṣooṣù, láti inú owó tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tiwọn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tí a padà lọ síbẹ̀, a kò kọ́kọ́ ṣí ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni a lọ lóṣòó tì, a sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Ohun mẹ́ta ni a bá níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ̀wé kà kò lè rí fúnra rẹ̀ lọ́jà kí owó tó jáde lápò.

Èkíní ni àmì ẹrù. Lára ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ ìwé kékeré mọ́, irú táyà tí wọ́n ní kí a fi sí i ni 225/70R15C 112/110R. 225 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ náà. R àkọ́kọ́ ni irú ọ̀nà tí okùn inú rẹ̀ gbà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní radial. 15 ni ríìmù, ní íńṣì. Títí dé ibí, fọkanáísà yòówù yóò kà á fún yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ni èyí tó kù. C sọ pé táyà akẹ́rù ni, ara rẹ̀ le, ó sì lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. 112 kì í ṣe kílò 112 o. Àmì ni, ó sì dúró fún kílò 1,120 lórí táyà kan. 110 dúró fún kílò 1,060, fún ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. R ìkẹyìn ni àmì eré, 170 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ohun tí a bá lára ọkọ̀ náà ni 225/70R15 100T. Fífẹ̀ kan náà ni, ríìmù kan náà ni, ó sì wọ ọkọ̀ láìjà. T rẹ̀ tilẹ̀ gba eré 190, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, bóyá ohun tí ọlọ́jà fi yin ọjà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n 100 dúró fún kílò 800 péré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù ni ẹrù ń jókòó sí. Táyà ẹ̀yìn méjì tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fẹ́ lè gbé kílò 2,240. Méjì tí ẹgbẹ́ rà lè gbé 1,600, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú kílò náà kí a tó gbé ẹja kan lé e. Kílò 640 ni ẹgbẹ́ náà pàdánù nítorí lẹ́tà C kan àti nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Kí ẹ lè ní in lọ́wọ́, èyí ni díẹ̀ nínú àmì ẹrù náà: 91 jẹ́ kílò 615, 95 jẹ́ 690, 100 jẹ́ 800, 104 jẹ́ 900, 108 jẹ́ 1,000, 112 jẹ́ 1,120, 116 jẹ́ 1,250, 121 jẹ́ 1,450. Ẹ lè ra èyí tó ga ju ti ìwé ara ilẹ̀kùn lọ. Ẹ má ra èyí tó rẹlẹ̀ sí i, bó ti wù kó dán tó.

Èkejì ni ọjọ́ orí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nínú àpótí kékeré. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ti táyà tó bẹ́ náà ni 2811, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 28 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ẹgbẹ́ fi rà á, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́ta péré níbẹ̀, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é, ẹ tètè gbé e padà fún un. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń mú un le, ó ń là wẹ́wẹ́ nínú, ojú rẹ̀ yóò sì ṣì máa dán nítorí pé àwọn ọlọ́jà mọ bí a ṣe ń fi ohun dúdú pa á lára. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà tí Michelin sì ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, ọjà tó ti òkè òkun wá ló kún ìgboro. Tòkunbọ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ohun tí òfin aṣọ́bodè wa kọ̀ pé kó má wọlé, àyàfi àwọn ńláńlá ti tírélà tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Táyà tuntun pàápàá ní ètekéte tirẹ̀. Kí àyè inú kọntéínà má baà tán, àwọn kan a máa ki táyà kékeré sínú ńlá, bí ẹni to abọ́ sínú abọ́. SON ti gbẹ́sẹ̀ lé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Okùn irin etí táyà ti ká kò kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ fi ọwọ́ wọ́ etí inú rẹ̀ yíká. Bí ó bá rí wọ́gọwọ̀gọ, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ po, ẹ má rà á.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́, àwa gan-an kò sì bá ti gbà bẹ́ẹ̀ bí awakọ̀ náà kò bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ti lọ kó ẹja létí ọ̀sà, lórí iyanrìn. Kí táyà má baà rì, ó tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ṣe yìí dára, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ iyanrìn ń ṣe, nítorí táyà tó rọ̀ ń tẹ́ sílẹ̀, ó ń fẹ̀, kì í gbẹ́lẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gbé ẹrù, ó bọ́ sórí ọ̀dà, kò sì fẹ́ ẹ padà. Fọkanáísà tó wà níbẹ̀ kò ní géèjì, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń tẹ táyà wò.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín ń ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Bí ẹ bá ń ká wáyà síwá sẹ́yìn lemọ́lemọ́, ẹ mọ̀ pé ó máa ń gbóná kó tó já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti táyà: ooru a máa pọ̀ títí rọ́bà ojú yóò fi bọ́ kúrò lára irin inú. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone ní Amẹ́ríkà kéde pé òun ń gba táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ jíìpù Ford Explorer. Ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré, jíìpù sì ń yí gbirigbiri. Ìjọba wọn ka ènìyàn 271 tó kú nínú ọ̀ràn náà, àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bíi Texas àti Florida ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ford ní táyà ló burú. Firestone ní ìwọ̀n 26 tí Ford ní kí àwọn ènìyàn máa fẹ́ sí i kéré jù, àti pé jíìpù náà ga, ó yá yí. Àwa kì í ṣe adájọ́ wọn. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ooru, ẹrù àti afẹ́fẹ́ tó dín pàdé lójú kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló sì wà lójú ọ̀nà Ìtoìkín lọ́jọ́ tí à ń wí. Kí ẹgbẹ́ ra géèjì tirẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí awakọ̀ máa wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí táyà tó ti gbóná ń parọ́ fún géèjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Àwọn ẹgbẹ́ wa kan ní Ìkòròdú àti Agbọ̀wà ní irú pikọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀nà oko nígbà òjò. Irú ọkọ̀ yìí kò gba kí a máa ra táyà lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ra bàtà fún ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ jẹ ju ti èkejì lọ, yíyí wọn kò ní dọ́gba, jíà tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn yóò sì máa bá ara rẹ̀ jà títí yóò fi bàjẹ́. Owó jíà yẹn yóò ra táyà púpọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà pọ̀, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, kí ìdúró-de-ewu sì bá wọn dọ́gba. Fún pikọ́ọ̀pù tí a ń fi ọwọ́ gbé jíà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà gbígbẹ. Fún ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì péré ń fà, ẹ lè ra méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń fi í síwájú. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀ nínú òjò, ọwọ́ awakọ̀ kò ká a mọ́.

Ní ti ojú táyà, H/T wà fún ọ̀dà, A/T wà fún ọ̀dà àti ilẹ̀, M/T wà fún ẹrẹ̀. M/T rí bí ọkùnrin lójú, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pariwo, ó ń jẹ epo, bíréèkì rẹ̀ kò sì mú dáadáa lórí ọ̀dà tó tutù. Ẹni tó ń ti Ọjà Olúwo lọ sí Ìkòròdú, tó kàn ń wọ oko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, A/T ti tó o. Bí eyín táyà bá ti jẹ dé 1.6 mìlímítà, tí ó bá àwọn kókó kékeré inú ihò rẹ̀ dọ́gba, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Nínú òjò wa, kó tilẹ̀ tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ asáré kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó fún ríìmù ńlá àti táyà pẹlẹbẹ ti ń wọlé. H gba eré 210, V gba 240, W gba 270. Òfin wa kò gbà ju 100 lọ fún ọkọ̀ aládàáni ní ọ̀nà márosẹ̀, nítorí náà ẹ má fi owó ra eré tí ẹ kò gbọdọ̀ sá. Síbẹ̀, ẹ má sọ̀kalẹ̀ sí àmì tó kéré sí ti ìwé ara ilẹ̀kùn, torí pé agbára láti fara da ooru náà ni àmì yẹn ń wí. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, kòtò kan péré lọ́nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù ti tó láti gé e. Jíìpù olówó ńlá pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kan nínú ìjọba àpapọ̀, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ́nà Kaduna sí Abuja. FRSC sọ pé eré ti pọ̀ jù kí táyà tó bẹ́.

Láti ìdá ọdún yìí lọ, a ó máa béèrè nǹkan wọ̀nyí nígbà àyẹ̀wò, fún ọkọ̀ ẹgbẹ́ àti fún ẹ̀yáwó táyà: rìsíìtì tí wọ́n kọ ìwọ̀n táyà sí ní kíkún, pẹ̀lú C bí ó bá wà, àmì ẹrù àti àmì eré, nọ́ńbà mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀ àti ọdún fún táyà kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ìwé ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ sọ, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Kí akọ̀wé kà wọ́n sókè ní ìpàdé kí akápò tó san owó. “Táyà pikọ́ọ̀pù, mẹ́rin” kò tó mọ́. Ẹgbẹ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti ń kọ tiwọn bẹ́ẹ̀. Ní ti ìjábọ̀ tí àwa fi yìn wọ́n lọ́dún náà, ó ṣì wà nínú fáìlì wọn. A ti kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fọwọ́ sí i.