Ohun tí Ajá Bá Kọ́ ni Yóò Ṣe: Bí Ẹ̀kọ́ Ṣe Lè Dènà Kí Ajá Máa Gé Ènìyàn Jẹ

Láti ayébáyé ni ajá ti jẹ́ ẹranko tí ó súnmọ́ ọmọ ènìyàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ajá ni ó ń tẹ̀lé ọdẹ wọ inú igbó, òun ni ó ń gbó bí àjèjì bá ń rìn lóru, òun kan náà ni ó sì ń bá àwọn ọmọdé ṣeré ní àgbàlá. Ní àwọn ìlú ńlá wa lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin ajá nítorí ààbò. Ṣùgbọ́n ajá tí a kò kọ́ lè sọ ààbò náà di ewu fún àwọn tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́.

Ewu tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ètò Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn náà ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú 100 ènìyàn tí ó bá kó àrùn yìí, ajá ni ó lè kó o ran tó 99. Bákan náà, nínú ènìyàn 10 tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní àrùn náà gé jẹ, nǹkan bí 4 ni kò tí ì pé ọmọ ọdún 15.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń dènà àrùn dìgbòlugi lára ajá, kò sì sí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, ajá tí ó ti gba abẹ́rẹ́ ṣì lè gé ọmọ jẹ ní ojú tàbí ní ọwọ́. Abẹ́rẹ́ kì í kọ́ ajá ní ìwà. Àwa tí a ń sìn ín ni a ń kọ́ ọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a mọ bí ajá ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà méjì tí ajá ń gbà kọ́ ẹ̀kọ́

Ọ̀nà kìíní ni síso ohun kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ivan Pavlov, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ni ó la èyí yé aráyé. Ó ṣàkíyèsí pé itọ́ máa ń yọ lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó kàn án lẹ́nu rárá. Bí ìró kan bá ń dún léraléra ṣáájú oúnjẹ, yóò di ìgbà kan tí itọ́ yóò máa yọ bí ajá bá ti gbọ́ ìró náà, bí oúnjẹ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Báyìí náà ni ajá ilé ṣe ń sáré jáde bí ó bá gbọ́ ìró abọ́, tí ó sì ń sápamọ́ bí ó bá rí ẹni tí ó máa ń nà án.

Ọ̀nà kejì ni àyọrísí ohun tí ajá fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1898, Edward Thorndike, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ológbò àti ajá tí ó tì mọ́ inú àpótí. Ológbò yóò máa jà káàkiri títí yóò fi ṣèèṣì fa okùn tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Yóò jáde, yóò sì rí oúnjẹ jẹ. Bí a bá tún tì í mọ́ ibẹ̀ léraléra, àkókò tí ó ń lò kí ó tó jáde yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwà tí èrè bá ń tẹ̀lé yóò máa pọ̀ sí i, èyí tí kò mú èrè wá yóò sì máa dín kù.

Láti inú èyí ni a ti lè rí i pé kò sí ìgbà tí ajá kì í kọ́ ẹ̀kọ́, yálà a mọ̀ pé a ń kọ́ ọ tàbí a kò mọ̀. Bí ajá bá ń gbó nígbà tí a ń jẹun, tí a sì ju òkèlè sí i kí ó lè dákẹ́, ohun tí a kọ́ ọ ni pé gbígbó ń mú oúnjẹ wá. Bí ó bá ń fò mọ́ àlejò, tí àwọn ọmọ sì ń pariwo tí wọ́n ń tì í, ó lè rò pé eré ni. Kì í ṣe agídí ni ó ń ṣe, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ni ó ń lò.

Àkókò ṣe pàtàkì

Èrè tàbí ìbáwí tí ó bá pẹ́ kò ní ìtumọ̀ fún ajá. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì ni ó yẹ kí èrè tẹ̀lé ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó bá dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó wá ń na ajá nítorí bàtà tí ó jẹ ní òwúrọ̀, kò kọ́ ọ ní ohunkóhun nípa bàtà. Ohun tí ajá kọ́ ni pé bí ẹni náà bá wọlé, ìyà ti dé.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ajá mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ń tẹrí ba, ó sì ń ká ìrù mọ́ abẹ́. Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìwà ajá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwádìí tí ó gbé jáde ní ọdún 2009. Wọ́n ní kí olówó ajá kọ̀ fún ajá rẹ̀ láti jẹ oúnjẹ kan, kí ó sì jáde kúrò nínú yàrá. Nígbà mìíràn, bí ó bá padà dé, wọn yóò sọ fún un pé ajá ti jẹ oúnjẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ ẹ́. Ìwádìí náà fi hàn pé ìbáwí olówó ajá ni ó ń mú kí ajá ṣe ojú ẹlẹ́ṣẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi tí ó jẹ. Ojú tí a ń pè ní ojú ẹlẹ́ṣẹ̀, ojú ẹ̀rù ni.

Ẹ̀rù yìí gan-an ni a ní láti ṣọ́ra fún, nítorí pé ọ̀pọ̀ ajá tí ó ń gé ènìyàn jẹ ni ẹ̀rù ń bà. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ènìyàn ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ajá gan-an, ó yẹ kí a béèrè ohun tí fèrè náà ti ń mú wá fún un. Bí ẹran ni fèrè ń mú wá, ajá yóò gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pàṣán, yóò kọ etí dídi sí i.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí a bí ọmọ ajá ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù láti gba ohun tuntun. Ní àkókò yìí, ẹ jẹ́ kí ó rí àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tí ó dé fìlà àti ẹni tí ó ru ẹrù; ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ìró ọ̀kadà àti ti jẹnẹrétọ̀. Kí ó rí wọn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ àti oúnjẹ díẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ipá. Nítorí pé àjẹsára ọmọ ajá kò tí ì pé nígbà náà, ẹ gbé e dání, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó máa rìn láàárín àwọn ajá ìgboro.

Àwọn ìgbésẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀lé nílé nìyí:

1. Jíjókòó. Ẹ mú èérún ẹran tàbí ẹja súnmọ́ imú ajá, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀ sí ìhà ẹ̀yìn orí rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ń lọ sókè, ìdí rẹ̀ yóò kanlẹ̀. Bí ó bá ti jókòó, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un ní ẹran náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti ń ṣe é dáadáa, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà, "jókòó", ṣáájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ti tó.

2. Wíwá nígbà tí a bá pè é. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ayọ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun rere bí ó bá dé. Ẹ má ṣe pe ajá láti nà án láé, bí ó ti wù kí ohun tí ó ṣe burú tó.

3. Fífò mọ́ ènìyàn. Ẹ yí ẹ̀yìn sí i, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì wò ó. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kanlẹ̀, ẹ kí i.

4. Ọmọ ajá tí ó ń fi eyín gé ọwọ́ nínú eré. Ẹ dá eré dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Yóò mọ̀ pé eyín ni ó ń ba eré jẹ́.

5. Ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ilé. Bí bàbá bá ń sọ pé "jókòó", tí àwọn ọmọ ń sọ pé "sídáùn", tí màígádì sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ajá ń gbọ́.

Ajá tí a ń fi ṣọ́ ilé

Àwọn kan gbà pé ajá gbọ́dọ̀ rorò kí ó tó lè ṣọ́ ilé. Wọn a so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn a fi ọwọ́ líle mú un, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa fún un ní ata. Ata kì í fún ajá ní ìgboyà. Inú rẹ̀ ni ó ń dà rú. Ajá tí kò rí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ dé ọjọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ọmọ aládùúgbò tí ó wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ajá tí ó ń gbó bí àjèjì bá dé, tí ó sì ń dákẹ́ nígbà tí a bá ní kí ó dákẹ́, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àmì tí ajá máa ń fi hàn

Kí ajá tó gé ènìyàn jẹ, ó sábà máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ yóò le gbandi, yóò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa lá ètè, funfun ojú rẹ̀ yóò hàn, yóò kùn, yóò sì fi eyín hàn. Ẹ má ṣe na ajá nítorí pé ó kùn, nítorí pé ìkìlọ̀ ni. Ajá tí a nà títí tí kò fi kùn mọ́ lè géni jẹ láìkìlọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ajá tí ó ń ju ìrù ni inú rẹ̀ dùn.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe yọ ajá lẹ́nu nígbà tí ó bá ń jẹun, tí ó bá ń sùn, tàbí tí ó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bí ajá tí wọn kò mọ̀ bá ń bọ̀ wá bá wọn, kí wọ́n má sáré. Kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí igi, kí wọ́n sì wo ilẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà, bí ajá náà ti wù kí ó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tó.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe fi epo, ata tàbí àgbo sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí dókítà lè pinnu irú abẹ́rẹ́ tí ó yẹ. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí àìsàn yóò hàn, nítorí pé ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì dìgbòlugi tó yọ, bí àmì náà bá sì ti yọ, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ má ṣe pa ajá náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí dá ìtọ́jú ẹni tí ó gé jẹ dúró.

Bí ìwà ajá bá ṣàdédé yí padà, bí ó bá ń da itọ́ tí kò lè gbé e mì, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mọ́. Ẹ yẹra fún un, kí ẹ sì ké sí dókítà ẹranko.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sin ajá gbọ́dọ̀ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún tàbí gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko bá ṣe là á sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ kọ́ ọ. Ajá kò lè yan ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́ ọ. Ọwọ́ ẹni tí ó ń fún un ní oúnjẹ ni ó wà.