Kí Ẹ Tó Ra Pákó Fáṣíà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ilé bàbá yín ti bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti òkè òkun fowó àtúnṣe ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ etí òrùlé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Fáṣíà ni mò ń wí, pákó gbọọrọ tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń bo orí àwọn igi òrùlé tó yọ síta, tí wọ́n sì máa ń kan gọ́tà mọ́. Bó bá ti dúdú, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí, tí igun kan sì ti tẹ̀ wálẹ̀, iye tí wọ́n ń ta pákó lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ béèrè pé ibo ni omi ń gbà dé ibẹ̀.

Igi tó gbẹ kì í jẹrà. Àwọn olú kéékèèké tó ń jẹ igi kò lè rí iṣẹ́ ṣe àfi tí ọ̀rinrin inú igi náà bá kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lára ilé kan náà, fáṣíà apá kan á le koko láti ayé bàbá yín, apá kejì á sì ti rọ̀ débi tí èékánná ń wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kàn wọ́n, iwájú ayùn kan náà ni wọ́n ti kúrò. Omi ló ya ọ̀nà wọn. Ẹni tó bá yọ pákó tó jẹrà, tó fi tuntun sójú omi kan náà, oúnjẹ ló tún rà fún ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́.

Ẹnu páánù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí páánù bá dọ́gba pẹ̀lú ojú fáṣíà, omi kì í já bọ́ sínú gọ́tà. Abẹ́ páánù ló máa ń lẹ̀ mọ́, á wá yí padà sára igi. Ó yẹ kí páánù yọ kọjá fáṣíà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Àwọn kápẹ́ńtà kan máa ń gé e kó dọ́gba nítorí pé ó dùn ún wò láti ojú títì, ṣùgbọ́n òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Bí tiyín bá ti kúrú, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tú òrùlé. Ẹ ní kí wọ́n tẹ páánù pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n tì í bọ abẹ́ ẹnu páánù òkè, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú gọ́tà.

Lẹ́yìn náà ni gọ́tà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ilé tí òrùlé rẹ̀ bo mítà 12 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú, bí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà omi 3,000 ló gbà. Bí òrùlé náà bá dà sí ọ̀nà méjì, lítà 1,500 ni gọ́tà kọ̀ọ̀kan máa kó, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan péré. Gọ́tà tí ewé máńgòrò ti kún inú rẹ̀ kò lè gbé e. Omi á kún, á sì gba ẹ̀yìn gọ́tà wọ ara fáṣíà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Kí gọ́tà máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà páìpù, nǹkan bíi mìlímítà 3 lórí mítà kan. Kí àwọn irin tó gbé e dúró súnmọ́ra. Èmi kò ní gbà kí wọ́n jìnnà síra wọn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ohun yòówù kí kápẹ́ńtà sọ. Kó tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kó da garawa omi kan sí ìpẹ̀kun tó jìnnà sí páìpù. Bí omi bá dúró níbì kan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìkán ń kọ́? Ó yàtọ̀. Pákó tí omi bàjẹ́ máa ń rọ̀, èyí tí ìkán jẹ máa ń ní erùpẹ̀ nínú, ojú ọ̀dà á sì gún régé bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ilẹ̀ ni ìkán sábà máa ń gbà gun ògiri, nítorí náà ẹ wá ọ̀nà erùpẹ̀ tó là sára ògiri, kẹ́ ẹ sì pa á láti ìdí.

Nígbà tí wọ́n bá yọ pákó àtijọ́ kúrò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ gún orí igi òrùlé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀bẹ bá wọlé tìrọ̀rùn, kí wọ́n gé ibi tó jẹrà, kí wọ́n kan igi tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé ibi tó ṣì le. Mo mọ àwọn tó ń fi aluminiọ́mù tàbí rọ́bà bo pákó tó ti jẹrà mọ́lẹ̀. Ó máa ń dán, àmọ́ igi á ṣì máa rà lọ lábẹ́ rẹ̀, ìṣó gọ́tà kò sì ní rí ibi dì mú.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, ìrókò àti apá ló ń tọ́jọ́, owó wọn sì ga. Arère rọ̀ lọ́rùn láti rà, ṣùgbọ́n kò lè fara da òjò. Bẹ́ ẹ bá lọ sí ọjà pákó, ẹ má ra èyí tó ṣì tutù tọ́wọ́ bá bà á, tó sì wúwo. Yóò lọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kàn án. Ẹ rà á nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kí wọ́n tó gbé e sókè, kí wọ́n kun ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti orí méjèèjì. Orí pákó tí ayùn gé ló ń mu omi jù, òun gan-an sì ni wọn kì í kùn. Bí kò bá sí ẹni tó máa gun àkàbà lọ tún un kùn ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ fi rọ́bà tàbí aluminiọ́mù sí i, ṣùgbọ́n lórí igi tó le ni o.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà iná. Èyí tó ti orí òpó wọlé sábà máa ń so mọ́ fáṣíà yìí gan-an, gọ́tà aluminiọ́mù gígùn tí ẹnì kan gbé sókè sì lè kan án. Kí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná gé e láti orí òpó kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà. Àwọn ilé àtijọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé asbestos ni àjà abẹ́ etí òrùlé wọn. Kí wọ́n má fi ayùn gé e, kí wọ́n má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n fi ìbòmú tó lè sẹ́ eruku asbestos bo imú àti ẹnu, kí wọ́n tú u láìfọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má retí àwòrán ilé tó ti parí nìkan lórí WhatsApp. Àwòrán orí àwọn igi òrùlé, nígbà tí pákó tuntun kò tíì bò wọ́n, lẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Kẹ́ ẹ sì bá kápẹ́ńtà ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ pé díẹ̀ lára owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ yín títí òjò ńlá àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Lọ́jọ́ náà, kí ẹnì kan nílé mú agboòrùn, kó dúró síta, kó ya fídíò ẹnu páánù àti ẹ̀yìn gọ́tà fún yín. Bí ẹ̀yìn gọ́tà bá gbẹ, ẹ san owó tó kù fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.