Ọyẹ́ Kọ́ Ni Òtútù Tiwa

Mo ti gbọ́ wọn tán. Gbogbo orin tí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ni mo gbọ́, mo sì tún àwọn mìíràn gbọ́ títí bátìrì fóònù mi fi kú. O ṣeun, ọmọ àbúrò mi. Chicago tí o wà yẹn kò ní lé ọ, òtútù ibẹ̀ kò sì ní pa ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ àwọn orin náà bí mi nínú, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. O ní àwọn ará Amẹ́ríkà ní orin ìbànújẹ́ ìgbà òtútù, pé àwa kò ní, pé orin òde àríyá nìkan ni Yorùbá mọ̀. Ìwọ tí wọ́n bí ní Ìlórò, láàárín ìlú Ọ̀wọ̀! Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Jókòó dáadáa kí o gbọ́ mi. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu orin tí o fi ránṣẹ́ o. Ti Robert Johnson yẹn, "Come On in My Kitchen", tó kọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní San Antonio ní oṣù kọkànlá ọdún 1936, omi lé sí mi lójú bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan péré pẹ̀lú gìtá kan. Ó ń pe obìnrin wọlé sí ilé ìdáná rẹ̀ nítorí òjò ti ṣú níta. Ìwọ rò pé òjò ló ń bà á lẹ́rù? Ìgbà òtútù tó ń bọ̀ lẹ́yìn òjò ni: iṣẹ́ oko tí yóò dáwọ́ dúró, àpò tí yóò gbẹ, ẹni tí kò ní ẹni. Kò pariwo rárá. Etí obìnrin náà ló ń sọ ọ́ sí, gìtá ló ń bá a ké. Ọdún 1938 ló kú, ọmọ ọdún 27. Ọmọdé bíi tìrẹ ni.

Ti Muddy Waters yàtọ̀. Ọdún 1943 lòun kúrò ní Mississippi lọ sí Chicago, ìlú tí ìwọ náà sá lọ yẹn, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn dúdú ṣe ń gba ibẹ̀ lọ láti wá iṣẹ́. Ariwo ìlú ńlá bo gìtá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló bá fi iná mànàmáná sí i kí wọ́n lè gbọ́ ọ nínú ilé ọtí. Ohun tó wù mí ni pé nígbà tó máa kọ "Cold Weather Blues" sínú àwo Folk Singer tó jáde ní ọdún 1964, ó gbé gìtá oníná sílẹ̀. Gìtá lásán ni wọ́n ta, Buddy Guy sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti lówó, tó ti lókìkí, bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ òtútù, ó padà sí bí wọ́n ṣe ń kọrin lóko. Ohun tó yẹ kí o fi èrò sí nìyẹn.

Ti Blind Willie Johnson, ẹni tí kò ríran, kò ní ọ̀rọ̀ kan nínú. Ọdún 1927 ló kọ ọ́. Ó ń kùn ni, ó ń mí kanlẹ̀, irin ń fà lórí okùn gìtá. Orúkọ orin náà ni pé alẹ́ ṣú, ilẹ̀ sì tutù. Ìrora Jésù nínú ọgbà Getsémánì ló ní lọ́kàn. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager lọ sójú sánmà ní ọdún 1977, orin yìí wà lára ohun tí wọ́n dì fún un. Ìwọ ń gbọ́ blues, orin ìbànújẹ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, nínú rẹ̀. Èmi ń gbọ́ ìyá arúgbó tó kúnlẹ̀ ní ìsọjí òru, tí àdúrà ti tán lẹ́nu rẹ̀ tí kò sì tíì dìde. Àwọn ìyá wa ní Ùsò àti Ìpele mọ irú kíkùn bẹ́ẹ̀. Má sọ fún mi pé a kò ní in.

Albert Collins tí o fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ọmọ Texas ni, níbi tí oòrùn ti ń mú. Síbẹ̀ yìnyín ló fi ń sọ orin rẹ̀ lórúkọ: "The Freeze" ní 1958, "Frosty" ní 1962. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí wọn, gìtá ló ń sọ̀rọ̀, ijó sì ni. Bí gìtá rẹ̀ ṣe ń dún ṣaka ló ń pè ní òtútù. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bà mí nínú jẹ́. Ti "California Dreamin'" ló jẹ́ kí n rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. John Phillips àti ìyàwó rẹ̀ Michelle ló kọ ọ́ ní New York nígbà òtútù, àárò California ń sọ ìyàwó. Nígbà tí àwọn Mamas and the Papas gbé e jáde ní 1965, ohùn mẹ́rin ló ń dáhùn ara wọn, ó dùn létí, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Ọdún 1968, Bobby Womack gba orin kan náà, ó sọ ọ́ di orin soul, òun nìkan ló ń ké e bí oníwàásù. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn orin kan náà, ṣùgbọ́n ti èkejì wúwo. Kí ló dé? Nítorí kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn mọ́.

Di ibẹ̀ mú fún mi. Mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

O ní bí a bá ní orin òtútù ni, ó yẹ kí ó jẹ́ ti ọyẹ́, pé o kò sì gbọ́ orin ẹkún kan nípa ọyẹ́ rí. Òótọ́ lo sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n o kò béèrè ìdí. Ṣé o ti gbàgbé bí oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ṣe rí nílé ni? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aginjù Sàhárà dé, ètè ń là, gìgísẹ̀ ń sán, òrí la fi ń pa ara. Lóòótọ́, ara ń bù wá. Ṣùgbọ́n wo iwájú ilé ní Ìpele, ní Ìdóàní, ní Ìmẹ̀rì: kòkó ni wọ́n sá sórí sìmẹ́ǹtì àti orí tapólì. Ojú ọjọ́ tó bá rọ̀ a máa mú kòkó bu. Ọyẹ́ ni í gbẹ ẹ́. Ìyá mi, ìyá bàbá rẹ, a fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ láàárọ̀, a tún fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ lọ́sàn-án. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, a dẹtí sí i. Bó bá dún pẹ́pẹ́, ó ti gbẹ, kí wọ́n dì í sápò. Bó bá dákẹ́, ó di ọ̀la nínú oòrùn. Owó kòkó ni a fi ń san owó ilé-ìwé, òun la fi ń sìnkú àgbà, òun la fi ń gbé ìyàwó. Ọyẹ́ ni ìgbà owó tiwa. Báwo la ṣe máa kọ orin ẹkún sí i?

Ìgbà òjò ni ìgbà òtútù tiwa. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje, nígbà tí iṣu ọdún tó kọjá ti tán nínú àká, tí tuntun kò sì tíì ta. Ọ̀pọ̀ kòkó kò tíì gbó. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀nà oko Òkèlúsè di ẹrẹ̀, ọlọ́jà ń gbówó lé gàrí. Ìgbà náà ni àgbà ń wo ọmọ tí kò sì rí ohun tí yóò fi sí i lẹ́nu. Ohun tí Robert Johnson ń bẹ̀rù nínú òtútù Mississippi, àwa ń bẹ̀rù rẹ̀ nínú òjò. Bí o bá fẹ́ gbọ́ orin ìbànújẹ́ ìlú rẹ, inú oṣù òjò ni kí o ti wá a. Ibi tí o sì ti máa bá a nìyí: nínú Igógo, ọdún ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ tó ń bọ̀ bí ìgbà òjò ṣe ń lọ sópin.

Mo mọ̀ pé o ti rí Igógo lọ́mọdé, lórí èjìká bàbá rẹ. Ìran lo wò, o kò gbọ́ orin. Orònsẹ̀n ni àyànfẹ́ aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹn, ọba Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní òrìṣà ni, ó para dà di ènìyàn, ọrọ̀ sì bá a wọlé ọba. Èèwọ̀ mẹ́ta ló ní: a kì í lọ ilá lójú rẹ̀, a kì í da omi sí àgbàlá, a kì í ju ìdì igi sílẹ̀ láti orí. Ọba ń ṣọ́ èèwọ̀ náà. Ọjọ́ tí ọba kò sí nítòsí, àwọn orogún fìmọ̀ ṣọ̀kan: wọ́n lọ ilá, wọ́n da omi, wọ́n ju igi. Orònsẹ̀n jáde. Wọ́n sá tẹ̀lé e, wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò padà. Inú ìtàn yìí ni Igbó Ọlájà ti gba orúkọ, ibi tí ọ̀já Orònsẹ̀n kù sí. Ibẹ̀ náà ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti gbẹ́lẹ̀ ní ọdún 1971 tó wú ère amọ̀ jáde, ère tó ti wà láti bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Nítorí náà, ìyàwó kan bínú lọ, kò padà mọ́. Kí ni gbogbo blues tí o fi ránṣẹ́ ń sọ tó ju èyí lọ? Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kọ blues dá nìkan sunkún ìyàwó rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, odindi ìlú ló ń bá ọba sunkún, ọjọ́ 17 gbáko, lọ́dọọdún, ní oṣù kẹsàn-án tí iṣu tuntun jáde. A kò gbọdọ̀ lu ìlù. Gbọ́ mi dáadáa: ìlú Yorùbá, láìlu ìlù! Agogo nìkan ló ń dún, irin lu irin. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í yìnbọn. Ọlọ́wọ̀ di irun bí obìnrin, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń jó yí ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ agogo yẹn bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè, tí kò sí ìlù kankan lábẹ́ rẹ̀, kò ní sọ láéláé pé orin àríyá nìkan la mọ̀.

Bó bá jẹ́ gìtá lo fẹ́, ọmọ ilé wa kan wà tí o kò bọ̀wọ̀ fún. Orlando Owoh. Ọmọ Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ní 1932, ọdún kan náà tí wọ́n bí Albert Collins rẹ. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kí ó tó bá ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ ní 1958. Ọdún 1960 ló dá ẹgbẹ́ Omimah tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ló di African Kenneries. Ohùn rẹ̀ há, ó gbẹ lọ́fun, kò sì tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà kó orin rẹ̀ jọ sínú CD ní 1995, orúkọ tí wọ́n fún un ni Dr. Ganja's Polytonality Blues. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí igbó tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ blues ni wọ́n pè é! Àjèjì gbọ́ ohun tó wà nínú ohùn náà, ìwọ ọmọ ilé kò gbọ́.

Fi òun àti Robert Johnson lélẹ̀ kí o wò wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni rẹ́kọ́ọ̀dù ayé Johnson gbà, ó ní láti yára sọ ìrora rẹ̀ kí àwo tó tán. Orlando ní ojú àwo gbọọrọ kan lódidi: yóò jẹ́ kí gìtá rìn, yóò sọ òwe, yóò ki èèyàn, yóò ráhùn nípa ayé, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò tún padà sórí ìráhùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò dá ké e. Àwọn agberin wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á gbè é. Ìdáhùn tí kò sí nínú ti Bobby Womack, tí àìsí rẹ̀ mú un wúwo tó bẹ́ẹ̀, òun ni Orlando kò jẹ́ kí ó kúrò nínú tirẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Àwọn ará wa tó jẹ òtútù gidi mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ambrose Campbell àti àwọn West African Rhythm Brothers rẹ̀ ní London, lẹ́yìn ogun Hitler, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin ní Soho, wọn kò sì dá a kọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n kó jọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn. Òtútù inú blues, àìrẹ́ni-dáni-lóhùn ni. Orin tiwa gba ìrora gẹ́gẹ́ bí ìrora, ó kàn kọ̀ láti fi oníbànújẹ́ sílẹ̀ lóun nìkan. Kò túmọ̀ sí pé a kò mọ̀ ọ́n.

Mo sì gbọ́ ohùn rẹ nínú àwọn ohun tí o ń sọ sórí fóònù wọ̀nyẹn, ọmọ mi. Orin ọkùnrin tó dá wà ló pọ̀ jù nínú èyí tí o yàn. Ìyá rẹ ní o kì í gbé fóònù ní alẹ́ mọ́. Máa gbé e. Wá àwo Orlando ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí o fi gìtá tìrẹ tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o gbà á sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ bí ọwọ́ rẹ ṣe máa rìn lórí rẹ̀. Kí o sì tètè bá ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ìsinmi. Má dúró de Kérésìmesì, tí owó ọkọ̀ òfúrufú máa ń gbé pẹ́ẹ́lí. Oṣù kẹsàn-án ni mò ń retí rẹ ní Ọ̀wọ̀.