Obì àti Gbànja

Obì ni orúkọ tí ó kó gbànja àti àbàtà pọ̀. Gbogbo gbànja ni obì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo obì ni gbànja. Awẹ́ 2 ni gbànja ní. Àbàtà a máa ní 3 sí 6. Orógbó kò ní awẹ́, kì í sì í ṣe obì rárá.

Gbànja ni àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí Òkè Ọya. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá ń ra irúgbìn, ẹ má ṣe béèrè “obì” lásán. Ẹ dárúkọ èyí tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì la ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ó bá gbin àbàtà ní ipò gbànja yóò tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó mọ̀.