Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Sùn: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ìrántí Kọ̀ǹpútà

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ló máa ń gba àyè jù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà tọrọ ojú-ewé díẹ̀ láti fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ibi tí ẹ̀rọ bá ti dákú kì í sábà jẹ́ ibi tí àìsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò máa wo ibi tí kò dùn ún sàn.

Nígbà tí a bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, èyí tó wà lórí tábìlì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ayé ni kò ní ojú tí a ń wò, tí kò sì ní ibi tí a ń tẹ̀. Wọ́n wà nínú inverter tó ń gbé iná ilé wa ró, nínú ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà, nínú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, àti nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ló jókòó kọ ètò àṣẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ̀lé. Bí àṣẹ náà bá ní àbùkù, kò sí ẹni tí yóò rí i lójú; ohun tí a ó kàn rí ni pé ẹ̀rọ dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn àbùkù tó ṣòro jù láti wá rí ni ti ìrántí. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ tí a mọ̀ ní Bọ́lọ́rundúró ṣàlàyé rẹ̀. Àgbẹ̀ olókòkó ní ibi méjì tó ń kó kòkó rẹ̀ sí. Ọ̀kan ni pèpéle tó ń sá a sí, níbi tó ti ń yí i, tó ń ṣà á, tó sì ń yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Èkejì ni yàrá tó ń to àwọn àpò tó ti gbẹ sí. Iṣẹ́ kankan kò ṣeé ṣe nínú yàrá. Ẹrù lásán ló wà níbẹ̀. Bí òjò bá sì dé lójijì, ohun tó wà lórí pèpéle ni yóò bàjẹ́, ti inú yàrá kò ní fara gbá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà rí. Ó ní ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èyí tí ohun inú rẹ̀ ń pòórá bí iná bá lọ. Ó tún ní ìrántí ìkẹ́rù, irú èyí tó wà nínú fláàṣì kékeré tí ẹ ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Pèpéle ní ìwọ̀n. Bí ẹ̀rọ bá tẹ́ ẹrù sórí rẹ̀ tí kò sì kó ẹrù kúrò, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé.

Ẹ fi ohun kan kún un. Ká ní àgbẹ̀ wa jẹ́ ọ̀mọ̀wé, tó ní ìwé tó ń kọ orúkọ gbogbo àpò inú yàrá sí, tí kò sì lè wọ yàrá láìkọ́kọ́ tẹ́ gbogbo ojú-ewé ìwé náà sórí pèpéle. Bó bá ta àpò kan, ó fa ìlà sí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya ojú-ewé kankan kúrò. Kí ẹ di èyí mú, nítorí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2003, NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnàjò òfurufú, rán ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kan lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Spirit ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Ẹ̀mí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló sọ ọ́ lórúkọ nínú ìdíje àròkọ, ọmọ tó ti gbé ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Siberia kí ìdílé kan ní Amẹ́ríkà tó gbà á tọ́. (Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń sá fún àròkọ, ẹ gbọ́ o.) Spirit gúnlẹ̀ sí Mars ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2004. Ìwọ̀n mẹ́gábáìtì 128 ni pèpéle tó fi ń ṣiṣẹ́, 256 sì ni yàrá ìkẹ́rù rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín nísinsìnyí jù ú lọ fíìfíì.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní, tíí ṣe ọjọ́ kejìdínlógún tó ti wà níbẹ̀, Spirit dákẹ́. Òjò ńlá ń rọ̀ lọ́jọ́ náà ní Canberra ní Ọsirélíà, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn àwo ńlá tó ń bá a sọ̀rọ̀ wà, òjò ni wọ́n sì kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Òjò dá, Spirit kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìró kékeré kan ṣoṣo ló fi dáhùn, tó fi hàn pé ó gbọ́ ìpè. Ní ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ bí omi inú ẹ̀rọ tó ti gbẹ. Láti inú díẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ti pa ara rẹ̀, ó sì ti tún ara rẹ̀ tàn, ní ìgbà tó lé ní 60. Èkejì, kò sùn lóru. Ó yẹ kí ó máa sùn nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nítorí oòrùn ló ń fún bátìrì rẹ̀ lágbára. Wọ́n pàṣẹ fún un pé kí ó sùn, kò sùn. Bátìrì ń tán lọ, òtútù òru Mars kì í sì ṣe ti eré.

Ẹ wo ipò tí àwọn ẹnjiníà wà ní Pasadena ní California. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà níbi tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó dé, tí èsì yóò sì tún rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá padà. Kò sí ẹni tí yóò ṣí i wò. Kò sí àyè láti dán ohun mẹ́wàá wò, nítorí ìdánwò kan tó bá ṣì lè jẹ́ ìkẹyìn. Ṣé rẹ́díò ni? Ṣé iná ni? Ṣé mọ́tò kékeré kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà tó dákẹ́ ló fa á? Gbogbo wọn ló ṣeé ṣe.

Ohun tí wọ́n ṣe ló mú kí a fẹ́ràn láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rọ ti dákú. Ìṣesí rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rọ tó bá kú lẹ́ẹ̀kan, ohunkóhun lè pa á. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń jí tó sì ń tún kú, tó ń jí tó sì ń tún kú, ohun kan wà tó ń fọwọ́ kàn ní gbogbo ìgbà tó bá jí. Kí ni Spirit kọ́kọ́ máa ń ṣe bó bá jí? Yóò ṣí yàrá ìkẹ́rù rẹ̀, yóò sì tẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù sórí pèpéle. Ní àwọn wákàtí wọ̀nyẹn, èrò lásán ni èyí jẹ́, kò tíì sí ẹ̀rí. Wọ́n fi àṣẹ kan dán an wò: jí, ṣùgbọ́n má ṣe fọwọ́ kan fláàṣì rárá. Spirit jí. Kò tún ara rẹ̀ tàn mọ́. Ó gbọ́ àṣẹ, ó sùn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ lọ. Ní nǹkan bí oṣù méje tí Spirit fi wà lójú ọ̀nà, ó ti ń kó fáìlì jọ, ó sì tún ń kó òmíràn jọ lẹ́yìn tó gúnlẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pa fáìlì rẹ́, ojú-ewé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kì í kúrò. Ìwé náà ń tóbi ṣáá, títí ó fi gba ju àyè tó yẹ kí ó gbà lórí pèpéle lọ. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò fi òpin sí bí ìwé náà ṣe lè tóbi tó. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ pé nígbà tí àyè tán, apá ètò tó béèrè àyè kò sọ pé òun kò rí i gbà. Ńṣe ló dúró gbagidi. Àwọn apá yòókù ń dúró dè é. Olùṣọ́ inú ẹ̀rọ rí i pé iṣẹ́ kò lọ, ó pa gbogbo rẹ̀, ó sì tún un tàn. Bó ti jí, ó tún tẹ́ ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sílẹ̀.

Ohun kan ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fáìlì àtijọ́ ti pọ̀ jù. Wọ́n ti fi ohun èlò tí yóò pa wọ́n rẹ́ ránṣẹ́ ní abala méjì, ọ̀kan ṣoṣo ló sì dé. Wọ́n fi èkejì sí ọjọ́ kọkàndínlógún. Ọjọ́ kejìdínlógún ni ẹ̀rọ dákú. Àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ ayé kí wọ́n tó rán an lọ kò sì gùn tó láti jẹ́ kí ìwé náà kún. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kò tíì sọ ohun tí yóò ṣe ní oṣù keje.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì, wọ́n nu yàrá ìkẹ́rù náà mọ́ pátápátá, wọ́n sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 90 ọjọ́ ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2010. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún náà la gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Lójú tiwa, ohun tó gbà á là kì í ṣe ọgbọ́n ọjọ́ ìpọ́njú nìkan. Ẹnì kan ti ronú ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú pé ọjọ́ kan lè dé tí yàrá ìkẹ́rù yóò di ọ̀tá, ó sì ti fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ nínú ètò náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni èyí. Cheick Modibo Diarra, ọmọ Mali tí wọ́n bí ní ọdún 1952, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Pasadena yẹn kan náà, ó sì wà lára àwọn tó tọ́ ọ̀nà fún Pathfinder, èyí tó gúnlẹ̀ sí Mars ní ọdún 1997. Pathfinder náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Orí ìbejì rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n ti mú kí àìsàn náà tún ṣẹlẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n tó wò ó sàn. Ní ọdún 2012, Diarra di olórí ìjọba Mali fún oṣù díẹ̀.

Òbí kan lè wí pé Mars jìnnà. Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Therac-25, tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí àrùn jẹjẹrẹ, fún aláìsàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà. Ó kéré tán, mẹ́ta kú nínú wọn. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ètò ẹ̀rọ náà ń fi ihò ìrántí kékeré kan ka nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá jẹ́ òdo, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ewu, kí ẹ̀rọ má ṣe yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ihò náà kò lè gba ju 255 lọ. Bí ó bá ti di ìgbà 256, yóò padà di òdo. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ bọ́tìnì ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an, ẹ̀rọ a gbà pé ohun gbogbo ti tọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún àwọn tó ṣe é láti gbà pé ẹ̀rọ wọn jẹ̀bi.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí àwọn ọmọ ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá dákú, a kò ní kí wọ́n má tún un tàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bí ó ti pẹ́ tó tó ti ń ṣiṣẹ́, àti bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Kí wọ́n má tíì kọ ìdí. Àwọn ọmọ a máa kùn sí i, nítorí ìdí gan-an ni ọkàn wọn ń sáré lọ bá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ti ń béèrè ohun tí ẹ lè fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ ní àjọ̀dún yìí. Kọ̀ǹpútà tuntun dára, a kò sì ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n inverter tó ń pa ara rẹ̀ tó ń tan ara rẹ̀ lójú orun, fóònù tó ń dákú ní ìgbà gbogbo tó bá dé ibì kan náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn atúnṣe ti rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má tíì jù wọ́n nù. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí lára wọn sínú ìwé, kí ẹ so ó mọ́ wọn lára, kí ẹ sì gbé wọn wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì.