Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ojú Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Awọ Ara Nílé



Àwọn kan rò pé jẹjẹrẹ awọ ara kì í ṣe ènìyàn dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n rí lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin Jàmáíkà, ní 1977 ló pa á ní 1981, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 36. Láàárín wa, àfín tí ń ro oko nínú oòrùn, àti ẹni tí egbò rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná fún ọdún pípẹ́, ni kí ó ṣọ́ra jù.

Bí dókítà bá ti gé e kúrò, iṣẹ́ kù sí ọwọ́ ará ilé.

1. Ẹ má tú ohun tí wọ́n fi dì í fún wákàtí 24 sí 48, tàbí títí di ọjọ́ tí dókítà bá dá. Kí omi má kàn án.

2. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọgbẹ́.

3. Ẹ se omi kí ó hó, kí ó sì tutù. Ẹ fi wẹ ọgbẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bí báńdéèjì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi omi náà rin ín. Ẹ má fà á ya.

4. Ẹ fi fasilíìnì tuntun pa á fẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi báńdéèjì mìíràn bò ó. Ọgbẹ́ tí kò gbẹ fọ́nrán a máa tètè san. Ẹ má fi ewé gígún, ìgbẹ́ màlúù, sípíríìtì tàbí ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i.

5. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 láìṣí i wò. Bí kò bá dá, ó di ilé ìwòsàn.

6. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀, kí aláìsàn máa gbé e lé ìrọ̀rí. Okùn ojú sábà máa ń pé ọjọ́ 5 sí 7 kí wọ́n tó yọ ọ́. Ti ẹsẹ̀, ọjọ́ 10 sí 14. Kí oko dúró ná.

Bí ọgbẹ́ bá ń wú sí i, tí ó gbóná, tí ó ń rùn, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Láti Mile 3, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt wà ní Alakahia.

Ohun tí a fi ń pàdánù ènìyàn nìyí: ọgbẹ́ jinná, wọn kò padà lọ mọ́. Ẹran ara tí a gé ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá àrùn náà tán. Ẹ lọ gba èsì rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lẹ́yìn náà, fìlà olétí gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn ni kí ẹ máa wọ̀ lọ sí oko.

Ìbéèrè: (a) Kí ni kò yẹ kí a fi sí ọgbẹ́? (b) Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá? (d) Èé ṣe tí a fi gbọ́dọ̀ padà lọ gba èsì?