Ọmọ yín ńkọ́, olùkọ́?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọmọ Atakpamé ní Tógò ni mí. Wàhálà ìbò 2005 ló lé mi dé apá Tchaourou ní Bẹ̀nẹ̀. Mo gbọ́ Ifẹ̀ tí í ṣe èdè ilé wa, Ewe, Kabiyè àti Faransé. Níbí ni mo ti gbọ́ Bàrìbá. Nírọ̀lẹ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé lábẹ́ igi máńgòrò, Nagó, Yorùbá ibí, ni mo sì fi ń là á yé wọn. Ọmọbìnrin Fúlàní kan láàárín wọn ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó wàrà fún àwọn èrò ọkọ̀ Parakou. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní àlejò mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní kí n máa bọ̀ nílé, ìlú ti tòrò. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ Ifẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Àdéhùn tí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ní 1969 lórí ọ̀rọ̀ ogunléndé sọ pé wọn ò gbọdọ̀ dá ogunléndé padà sílé bí kò bá fẹ́. Àbúrò yín lè bẹ̀ yín, kò lè pàṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yọjú sí i, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó fún yín ní káàdì ogunléndé, torí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè ba ipò ogunléndé yín jẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè àdéhùn ECOWAS ti 1979 náà, ọmọ Tógò lè gba ibẹ̀ gbé ní Bẹ̀nẹ̀ láìjẹ́ ogunléndé.

Ibi tí ẹ sáré kọjá ló ká mi lára. Ọmọ ọlọ́mọ ń gbọ́ Faransé lẹ́nu yín, ọmọ yín ò lè fi Ifẹ̀ kí àwọn àgbà ilé yín! Ẹ̀yin Ifẹ̀ Atakpamé tí ẹ gbé orúkọ Ilé-Ifẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn? Ẹ wò ó, iṣẹ́ náà ò le tó bí ẹ ṣe rò. Nagó táwọn ọmọ yín ń gbọ́ níbi eré kò jìnnà sí Ifẹ̀. Bí wọ́n bá fi Faransé bèèrè ọbẹ̀, ẹ fi Ifẹ̀ dá wọn lóhùn, kí ẹ sì bu ọbẹ̀ fún wọn. Ẹ má fi ebi kọ́ ọmọ lédè. Ẹ ní kí àwọn àgbà ilé máa pa àlọ́ fún wọn lórí fóònù, kí ẹ̀yin má ṣe ògbufọ̀ rárá.

Ní ti ẹ̀kọ́ abẹ́ igi máńgòrò, ẹ ò sọ̀rọ̀ owó, mo sì fura pé kò sí. Ìgbà kajú ni owó máa ń wà lọ́wọ́ àwọn òbí ní apá Tchaourou. Ẹ pè wọ́n jọ nígbà náà, kí ẹ dá iye kan lé e. Ẹni tó bá ní iṣu lòun ní, ẹ gbà á.